Ọwọ́ Tó Di Kànrìnkàn Mú

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe jẹun títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, tí mo sì dáhùn pé ọmọ ogun ni mo ń tò, ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni, "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà. Bárékè wo lẹ wà?" Màá ní mi ò wọ bárékè rí. Ọmọ ogun tèmi kò ga ju àtàńpàkò lọ. Inú páálí ni wọ́n ń bá dé, orí lọ́tọ̀, ọwọ́ lọ́tọ̀, idà lọ́tọ̀. Èmi ni mo ń so wọ́n pọ̀, kí àwọn àgbàlagbà tó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ lè kó wọn sórí tábìlì, kí wọ́n sì máa fi wọ́n jagun ní ọjọ́ Sátidé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Ẹni tó bi mí á wo ojú mi, á wo bàtà mi, á sì béèrè bóyá mo ti jẹun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró ní oríta báyìí, tí ẹ kò mọ iṣẹ́ tí ẹ ó yàn, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. N kò ní kí ẹ wá ṣe iṣẹ́ mi. Iṣẹ́ náà ti kú, mo sì wà níbi ìsìnkú rẹ̀. N kò tilẹ̀ ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ farabalẹ̀, nítorí èmi fúnra mi kò farabalẹ̀ rí. Láti ìgbà tí mo ti mú bírò yìí ni mo ti ń dìde lọ wo ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí mò ń retí.

Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Mo kà á débi pé mo lè sọ ìdí tí gbogbo ìjọba ayé àtijọ́ fi wó, àfi ìdí tí èmi kò fi ríṣẹ́. Ìgbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé tuntun ìjọba, ń jó ìlú lára ni mo jáde. Gbogbo ọ́fíìsì tí mo bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, àwọn tó wà nínú rẹ̀ gan-an ń wá ọ̀nà àbájáde. Bàbá mi, tí gbogbo Erúnmu ń pè ní Tíṣà, ti ní kí wọ́n gbá abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé sílẹ̀ de mọ́tò tí ìjọba máa fún mi. Àwọn ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀, wọ́n sì dúpẹ́.

Ohun kan wà nípa Tíṣà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ìtàn yìí tó lè yé yín. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí láti inú ìyá mi wá. Tíṣà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹgba ló fi kọ́ ọwọ́ ọ̀tún mi ní ìwé kíkọ. "A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ni yóò máa wí bó ṣe ń nà mí, bí ẹni pé ẹnìkan ti wá béèrè ilé rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo fi wọ yunifásítì, ọwọ́ ọ̀tún mi ń kọ̀wé bí adìẹ tó ń ha ilẹ̀, ọwọ́ òsì mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí àlejò tí a kò fi ìjókòó lọ̀.

Eyín ló gbé mi dé ẹnu iṣẹ́. Ọ̀kan ń ro mí, mo sì gun ọ̀kadà lọ sí Lálúpọn, sọ́dọ̀ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Bàbá Eléyín. Ó ti bá dókítà eyín kan ṣiṣẹ́ ní ìgboro Ìbàdàn rí, níbi tí ó ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó jọ pé ó mú ẹ̀wù funfun dókítà náà àti oyè rẹ̀ dání. "Dókítà Eyín" ló kọ sára pátákó rẹ̀. Aládùúrà sì ni, kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àti aṣọ ìsìn rẹ̀. Àwọn aláìsàn mìíràn máa ń kúnlẹ̀ kí wọ́n tó la ẹnu.

Lórí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, láàárín erìgì àti eyín, ni mo ti rí ọmọ ogun kékeré kan tó di ọ̀kọ̀ mú. Òyìnbó kan tó ń ṣe ìwádìí àgbàdo lápá Akínyẹlé, tí àwa ń pè ní Òyìnbó Àgbàdo, ló gbé e wá. Ó ti wá tún eyín ṣe tẹ́lẹ̀, ó rí bí Bàbá Eléyín ṣe ń fi fáìlì irin tín-ín-rín fá eyín, ó sì fa ọmọ ogun kan tí apá rẹ̀ ti kán yọ nínú àpò. Wọ́n ní Bàbá Eléyín gbé e yẹ̀ wò, ó ní, "Kí ló ń jẹ tí apá fi kán?" Láti ìgbà náà ni òyìnbó ti ń kó gbogbo ogun rẹ̀ wá.

Èmi tí mo wá yọ eyín ń wo ọmọ ogun yẹn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé àṣíborí rẹ̀ kò bá apata rẹ̀ mu, pé àwọn tó ń dé irú fìlà yẹn ti kú tipẹ́ kí irú apata yẹn tó dé. Bàbá Eléyín jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"O kàwé," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o lè jókòó?"

"Mo lè jókòó, sà."

"Irọ́ lo ń pa. Ẹsẹ̀ rẹ ń gbọ̀n láti ìgbà tó o ti wọlé. Máa bọ̀ lọ́la."

Báyìí ni mo ṣe ríṣẹ́. Ọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ ká fò ó. Bàbá Eléyín náà fò ó. Ní Erúnmu, Tíṣà ń sọ fún àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ pé, "Túnjí ti wà nídìí ìmọ̀ ẹ̀rọ ike báyìí." Kò purọ́ tán.

Rẹ́sínì ni wọ́n fi ń ṣe àwọn ọmọ ogun yìí, nǹkan bí oje igi tó ti gan, tó le bí eékánná, tó sì ń kán bíi bisikíìtì. Òróró wà lára rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Bí a kò bá fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, gúlù kò ní mú un. Bí a bá fá a ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, nítorí náà omi la fi ń fá a, kànrìnkàn kò sì gbọ́dọ̀ wọ́n lórí tábìlì. Ihò tín-ín-rín la ń lu sí èjìká, ihò tín-ín-rín sí apá, ká tó fi fọ́nrán wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ so wọ́n pọ̀, kí gúlù tó kàn án.

Ẹsẹ̀ lásán la fi ń wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn ará Lálúpọn rò pé nítorí ìjọ ọ̀gá mi ni. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ ọmọ ogun bá já bọ́ sílẹ̀, ojú kò lè rí i. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń wá a. Ẹni tó bá yọjú nígbà náà á rí àgbàlagbà méjì tí ń rọra wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ojú wọn lókè bí ẹni tí ń rí ìran. Bàtà mi á wà lẹ́nu ọ̀nà, imú wọn kọjú sí títì, bí mo ṣe máa ń bọ́ wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́.

"Túnjí," Bàbá Eléyín á ní, "bàtà rẹ ti ń lọ o. Ṣé wàá tẹ̀ lé wọn ni àbí wàá parí ẹsẹ̀ ẹṣin yẹn?"

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo na ọwọ́ òsì sí ọ̀bẹ. Kò tíì kàn án tí fáìlì fi bà mí ní oríkèé ìka, kò!

"Èyí kì í ṣiṣẹ́ níbí," ni Bàbá Eléyín wí. "Àwọn tó ń wá la ẹnu fún mi kò gbọ́dọ̀ rí ọwọ́ òsì lórí tábìlì mi. Jẹ́ kó máa di kànrìnkàn mú."

Mo ti sá fún Tíṣà kan, mo tún bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Bí mo ṣe di olùdi-kànrìnkàn-mú nìyẹn. Ọwọ́ ọ̀tún mi ń fá, ó ń gún ara rẹ̀ lọ́bẹ, ó ń lẹ imú mọ́ orúnkún. Ọwọ́ òsì mi ń rin fáìlì lómi, ó sì ń wo ọ̀tún bí ẹní ń wo ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè tó tọ́ sí òun. Àfi ní ọjọ́ Ọjọ́rú. Lọ́jọ́rú, bí oòrùn bá ti yẹ̀ díẹ̀, Bàbá Eléyín á lọ sí ìsìn, èmi á sì gbé ọ̀bẹ lé ọwọ́ òsì. Ara mi á balẹ̀ wọ̀ọ̀. Bó bá dé, á gbé iṣẹ́ sí ìmọ́lẹ̀, á yí i síwá sẹ́yìn. "Èyí dáa. Kí ló dé tí kò rí báyìí lọ́jọ́ Ajé?" Màá ní bóyá àdúrà tí wọ́n gbà ni. Á ní, "Àmín."

Ohun tó ń ká mi lára ni ìyọ̀ǹda. Nílẹ̀ wa, ẹni tó kọ́ṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò yọ̀ǹda rẹ̀, olè tó mọ iṣẹ́ ni. Kò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ fún un. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ télọ̀ lójú mi ti gba ìyọ̀ǹda, wọ́n ti ya fọ́tò, wọ́n ti gba ọmọ-iṣẹ́ tiwọn. Bí mo bá béèrè, Bàbá Eléyín á ní, "Kò tíì tó." Mo ti di àpò mi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì pé ní oṣù tó ń bọ̀, màá sá lọ sí Èkó. Oṣù ń bọ̀, oṣù ń lọ. Eku bímọ sínú àpò náà.

Ẹnìkan tó jẹ́ kí n dúró ni Májọ̀. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Lálúpọn, òun àti Òyìnbó Àgbàdo ló sì máa ń jagun orí tábìlì ní pálọ̀ rẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n fi Májọ̀ sí, búláńkẹ́ẹ̀tì ló ń pín. Ṣùgbọ́n bó bá ń sọ ìtàn rẹ̀, àwọn búláńkẹ́ẹ̀tì náà a máa yìnbọn. Lọ́jọ́ kan ó gbé páálí ńlá kan dé, odindi ẹgbẹ́ ogun tó ní kí òyìnbó bá òun rà wá láti òkèèrè: àwọn tó ń fi kànnàkànnà sọ̀kò.

"Ẹ bá mi tò wọ́n dáadáa," ó ní. "Kò sí irú wọn ní gbogbo Nàìjíríà."

Bó ṣe jáde, Bàbá Eléyín kọjú sí mi. "Ogun yìí ni ìdánwò rẹ. Bí Májọ̀ bá gbà á, mo yọ̀ǹda rẹ. Bí kò bá gbà á, tú àpò rẹ tó wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Àwọn eku yẹn ti dàgbà."

A ṣí páálí. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, àwòrán nìkan ló wà lára ìdérí. Gbogbo ọmọ ogun yẹn, láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni ìkẹyìn, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi gbé kànnàkànnà sókè.

Bàbá Eléyín bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. "Ìranù wo nìyí? Odindi ẹgbẹ́ ogun, ọwọ́ òsì?"

"Bàbá," mo ní, "ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wà níwájú. Ẹsẹ̀ wọn bá ọwọ́ wọn mu."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ẹsẹ̀?"

Bó ṣe ṣe kòńgẹ́, Tíṣà wá kí mi lọ́jọ́ náà. Bàbá Eléyín fi àwòrán hàn án gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé. Tíṣà wò ó gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé. "Àṣìṣe ìtẹ̀wé ni," ó ní. "Wọ́n tẹ fọ́tò sódì, àwọn tó ń ṣe é sì wo fọ́tò ṣe é. Kò sí ọmọ ogun tí yóò fi ọwọ́ òsì dojú kọ ọ̀tá. Ìwọ̀sí ni. Ọ̀tá gan-an á bínú."

Ẹ má rò pé àtúnṣe yẹn rọrùn. A kó gbogbo apá jọ. A rì wọ́n sínú omi gbígbóná kí rẹ́sínì lè rọ̀, a tẹ̀ wọ́n sí òdìkejì, a so wọ́n mọ́ èjìká kejì. Àtàńpàkò wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ, nítorí náà a fá gbogbo àtàńpàkò nù, a sì mọ òmíràn sí apá kejì. Ìdérí páálí, Ìyá Eléyín, ìyàwó ọ̀gá mi tó ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé, fi í dáná. Nígbà tí a parí, ó dára lójú, ó dára lẹ́yìn. Iṣẹ́ tó péye gan-an ni, bí àṣìṣe ṣe máa ń péye nígbà tí gbogbo ènìyàn bá fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé a gbé wọn lọ. Májọ̀ ti wọ kóòtù, Òyìnbó Àgbàdo ti wà lórí ìjókòó. Májọ̀ gbé ọ̀kan, ó gbé òmíràn. Irùngbọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Bàbá Eléyín, ọwọ́ wo nìyí?"

"Ọwọ́ ọ̀tún ni, Májọ̀," ni ọ̀gá mi dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín ẹni tó ń retí ìyìn. "A bá yín tún un ṣe."

"Ta ló ní kí ẹ bá mi kọ́ ọmọ ogun mi lẹ́kọ̀ọ́ ilé?" Májọ̀ pariwo débi pé ajá rẹ̀ jáde. "Ọwọ́ òsì ni mo rà! Ọwọ́ òsì ni gbogbo agbára wọn! Ọ̀tá tó bá fi ọwọ́ òsì di apata mú, ọ̀tún rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Ẹni tó ń fi òsì sọ̀kò, ẹ̀gbẹ́ tó ṣí yẹn ló ń bà! Ẹ ti sọ gbogbo wọn di ọmọlúwàbí!"

Òyìnbó Àgbàdo rọra fi ìwé bo ẹnu. Májọ̀ ní ọ̀gá òun àtijọ́ nínú iṣẹ́ ológun ń bọ̀ láti Kàdúná ní Sátidé tó ń bọ̀, pé nítorí ẹgbẹ́ ogun yìí ló fi ń bọ̀. Bí ọwọ́ wọn kò bá tíì padà kí àlejò náà tó dé, kí Bàbá Eléyín má fi ẹsẹ̀ tẹ ilé òun mọ́, òyìnbó náà á sì wá ẹlòmíràn.

Èmi àti ọ̀gá mi padà dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù. Ó wo bàtà mi bí mo ṣe ń bọ́ wọn. "Ìyọ̀ǹda rẹ ti bọ́ sódò," ó ní. "Tèmi náà ń tẹ̀ lé e."

Wàhálà wa ni pé àwòrán ti jóná, àwa méjèèjì kò sì rántí bí apá wọn ṣe tẹ̀ gan-an. Bàbá Eléyín jáde sẹ́yìnkùlé, ó mú aṣọ ìnujú, ó di òkò sí i, ó ń fi ọwọ́ òsì jù ú kí òun lè rí bí ara ṣe ń yí. Ó jọ ẹni tí agbọ́n ń lé. Òkò bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó bọ́ sínú agbada gàrí.

"Bàbá Eléyín!" ni ìyàwó rẹ̀ ké. "Gàrí yìí kò bá yín jà o!"

Mo gbé kànrìnkàn sílẹ̀. Mo gba aṣọ ìnujú lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo wá òkò tó dọ́gba, mo sún ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. N kò tíì ju nǹkankan ní gbangba pẹ̀lú ọwọ́ yẹn láti kékeré. Mo fì í, mo jù ú. Ìbẹ́pẹ kan wà lórí igi lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀; ó já, ó fọ́ yángá sílẹ̀.

Ìyá Eléyín fi igbá ìyan-gàrí sílẹ̀. "Yéè! Túnjí, ibo lo ti gbé ọwọ́ yẹn pamọ́ sí?"

Bàbá Eléyín kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tún un ṣe. Pẹ̀lẹ́. Dúró níbẹ̀. Gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè." Ó ń yí mi po bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù, ó ń fi ìka wọn èjìká mi. Lẹ́yìn náà a wọlé. Ìyá Eléyín gbé omi gbígbóná wá láti ìdí iná gàrí rẹ̀. Mo jókòó, mo ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe, mo na òsì sí kànrìnkàn. Kànrìnkàn kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá mi ti mú un. Ó rin fáìlì lómi, ó sì gbé e síwájú mi, ní apá òsì.

Iṣẹ́ yẹn ni mo ṣe tí n kò dìde lọ wo ẹnu ọ̀nà. Sátidé dé, a sì gbé ọwọ́ òsì Májọ̀ lọ fún un. Àlejò Kàdúná gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ogun bẹ̀rẹ̀, wọ́n da dáìsì, àwọn ẹṣin Òyìnbó Àgbàdo sì tẹ gbogbo wọn mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó sọ òkò kan. Májọ̀ ní ojú ọjọ́ ló fà á.

Màá padà sórí ìyọ̀ǹda. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yára sọ bí iṣẹ́ ṣe rìn títí tó fi kú, nítorí ìyẹn kò gba àkókò. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ ẹ̀rọ ìlu-ihò bíi maṣíìnì ìránṣọ. Lẹ́yìn náà eléẹ̀tíríìkì dé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí iná ìjọba, tó túmọ̀ sí pé a padà sí ẹlẹ́sẹ̀. Gúlù àtijọ́ ń lọ́ra. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ yára débi pé mo ti gbé ọmọ ogun kan lórí àtàńpàkò lọ sí ìsìn ìdúpẹ́. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Akínyẹlé, mo kó o lọ sí Ẹgbẹ́dá, mo kó o láti Ẹgbẹ́dá padà, kò sì sí ẹni tó lé mi. Mo to ogun fún lọ́yà, fún awakọ̀ òfuurufú, fún ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ àlàáfíà. Òun ló máa ń ní kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i lára idà. Níkẹyìn, ẹ̀rọ kan dé tí ń tẹ ọmọ ogun jáde lódidi, ọwọ́ lára, orí lára, bí adìẹ ṣe ń yé ẹyin. Kò sí apá tó ń fẹ́ ẹni tí yóò so ó mọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo jáde, mo sì ń rìn kiri títí di òní.

Ọjọ́ ìyọ̀ǹda mi kò ní èrò púpọ̀. Bàbá Eléyín wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù funfun, Ìyá Eléyín wà níbẹ̀, Tíṣà wá láti Erúnmu pẹ̀lú kóòtù onírun nínú ooru. Wọ́n ní kí Tíṣà bọ́ bàtà kó tó wọlé. Ó kọ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó bọ́ ọ. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lu, àtàńpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ yọjú, gbogbo wa sì wo òkè bí ẹni tí ń wá ọwọ́ ọmọ ogun nílẹ̀.

Ọ̀gá mi gbàdúrà, àdúrà náà gùn. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀bẹ kékeré tó fi ń fá eyín láti ìgbà èwe rẹ̀, ó nà án síwájú mi. Mo kúnlẹ̀. Mo na ọwọ́ ọ̀tún.

Ó fa ọ̀bẹ sẹ́yìn.

"Kì í ṣe ìyẹn," ó ní. "Èyí tó ṣiṣẹ́ ni kó wá gbà á."

Tíṣà wúkọ́. "Bàbá Eléyín, a kì í fọwọ́ òsì..."

"Tíṣà, ẹni tó roko ni ká pè wá jẹun." Ó yí padà sí mi. "O rò pé mi ò mọ̀? Iṣẹ́ Ọjọ́rú, ipa fáìlì ara rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí apá kejì. Eyín ni mò ń ṣe. Mo mọ ẹ̀gbẹ́ tí èèyàn fi ń jẹun."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ, Bàbá?"

"Ìwọ náà ò sọ."

Ọ̀bẹ wà níwájú mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ọwọ́ òsì mi kò dìde. Ó ti pẹ́ jù tí wọ́n ti ń lé e kúrò níbi tí wọ́n ti ń pín nǹkan. Ó rò pé ọgbọ́n àrékérekè ni, pé bí òun bá yọjú, ẹgba ń bẹ lẹ́yìn. Ìyá Eléyín ń wò mí. Bàbá Eléyín kò gbé ọ̀bẹ sún mọ́ mi, kò sì gbé e jìnnà. Mo ń wo bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, imú wọn sí títì, mo sì mọ̀ pé bí n kò bá gba ọ̀bẹ yẹn, màá dìde, màá wọ̀ wọ́n, mi ò sì ní padà wá mọ́.

Nǹkan kan tì mí ní ìgbọ̀nwọ́ òsì. Orúnkún Tíṣà ni. Kò wò mí, ògiri ló ń wò, ó sì tún fi orúnkún ti apá náà díẹ̀, bí ìgbà tó máa ń ti ọmọ tí kò mọ̀ pé orúkọ òun ni wọ́n ń pè ní kíláàsì.

"Dìde," ó ní, kì í ṣe fún mi. "Ìwọ la ń pè."